Ẹ̀lú ni àbí aró òyìnbó? Ohun tí kẹ́mísírì mọ̀ nípa aró tó wà lára àdìrẹ

Ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ aláṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kò ní pẹ́ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ̀lú nìyí o, kì í ṣe aró òyìnbó." Lórí WhatsApp náà, ohun tí àwọn tó ń ta àdìrẹ ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjà wọn nìyẹn, nítorí pé aṣọ tí wọ́n bá ti pè ní ẹ̀lú, owó rẹ̀ máa ń gun òkè ni. Oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ náà wò, á gbé e sí imú, á ní irọ́ ni. Ẹnìkan á ní aró òyìnbó ń yún ara. Ẹlòmíràn á ní aró ewé kì í ṣí láéláé. Báyìí ni ọjà ṣe máa ń túká láì sí ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ kẹ́mísírì ti ní èsì sí púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Èyí tó ṣeé ṣe kó bí àwọn kan nínú ni màá kọ́kọ́ sọ. Àwọ̀ búlúù tó ń jáde lára ewé ẹ̀lú àti àwọ̀ búlúù tó wà nínú pàúdà tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ohun kan náà ni. Kì í ṣe pé wọ́n jọra, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Indigo ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè wo mólékù indigo kan, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, kó sọ, láti ara bí wọ́n ṣe tò ó, pé ewé ló bí i tàbí ilé iṣẹ́. Ara àwọn tó bá indigo rìn ni ìyàtọ̀ wà, pàápàá jù lọ ìyekan rẹ̀ kan tó pupa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Ewé ẹ̀lú tó wà lórí igi kò ní búlúù kankan nínú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èròjà tí kò láwọ̀ rárá, indican, tí ṣúgà glukósì so mọ́ lára. Yàrá ọ̀tọ̀ ni indican wà nínú ewé náà, yàrá ọ̀tọ̀ ni ẹnsáímù tó lè gé e wà, wọn kì í pàdé níwọ̀n ìgbà tí ewé bá ṣì wà ní pípé. Ọmọ odó ló ń mú wọn pàdé. Bí ìyá aláró bá ti da ewé tútù sódó tó ń gún un, ẹnsáímù á gé ṣúgà dànù, ohun tó kù, indoxyl, á wá fojú kan afẹ́fẹ́. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á dà bí ọwọ́ ẹni tó ń ja ewúro. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀bá èékánná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kí wọ́n tó ṣù ú tán láti sá a sóòrùn, ìlà ọwọ́ wọn ti di aró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa yẹn ni pé indoxyl méjì-méjì ń so pọ̀ mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ ló sì ń so wọ́n.

Ibi ìsopọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Mólékù indigo kan ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2 àti ọ́síjìn 2. Apá méjì ló ní, apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òrùka méjì tó fara kan ara wọn, ọ̀kan onígun mẹ́fà, èkejì onígun márùn-ún. Àwọn onímọ̀ ka igun òrùka kékeré náà láti orí náítírójìn: náítírójìn ni 1, igun tó tẹ̀ lé e ni 2, èyí tó tún tẹ̀ lé e ni 3. Bí igun 2 apá kan bá di igun 2 apá kejì mú, indigo nìyẹn, búlúù tó jinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé igun 2 ti ọ̀kan ló di igun 3 ti èkejì mú, indirubin nìyẹn, òun sì pupa bí àwọ̀ àlùkò. Bí igun 3 bá di igun 3 mú, isoindigo ló dé, pupa tirẹ̀ sì fà sí àwọ̀ ilẹ̀. Kò sí átọ́ọ̀mù kan tó lé, kò sí èyí tó dín. Bí wọ́n bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n mólékù, 262 ni wọn yóò bá lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Irú àwọn èròjà báyìí, tí iye átọ́ọ̀mù wọn dọ́gba ṣùgbọ́n tí ètò wọn yàtọ̀, ni wọ́n ń pè ní áísómà. A ti mọ̀ nílé wa pé àgbè ló laró, àlùkò ló losùn; bí ẹyẹ méjèèjì ṣe jẹ́ ẹbí kan tí ìyẹ́ wọn yàtọ̀ ni indigo àti indirubin ṣe rí.

Báwo ni ìsopọ̀ lásán ṣe lè yí àwọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀? Àwọ̀ tí à ń rí lára aṣọ ni ìyókù ìmọ́lẹ̀ tí aró kò gbé mì. Nínú indigo, náítírójìn apá kọ̀ọ̀kan ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ọ́síjìn tó wà ní apá kejì, wọ́n ń ṣe é ní àgbélébùú, lọ́nà tó dọ́gba. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 600 nánómítà, ti tó láti mi wọ́n; bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó. Ọsàn àti ìyeyè inú ìmọ́lẹ̀ ni indigo ń gbé mì, búlúù ló ń kù fún ojú wa. Indirubin kò ní ìdọ́gba yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára díẹ̀ sí i ló nílò, nǹkan bíi 540 nánómítà. Àwọ̀ ewé ló ń gbé mì, pupa àlùkò ló ń kù. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama láìyọ ìṣirò síta, ibi tó sì máa ń yé wọn ni ìgbà tí mo bá ya igun òrùka méjèèjì sára pátákó, tí mo pa ìlà kan rẹ́, tí mo sì fà á sí igun kejì. Ìlà kan ṣoṣo.

Ìdí tí ewé ẹ̀lú fi ń bí indirubin rọrùn láti lóye. Kì í ṣe gbogbo indoxyl ló ń rí ìkejì rẹ̀ dì mú lásìkò. Àwọn kan á ti gba ọ́síjìn ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á di èròjà mìíràn, isatin. Bí isatin bá wá pàdé indoxyl, igun 3 rẹ̀ ló ń fún un, indirubin ni wọ́n sì ń bí. Ooru, bí eérú ṣe le tó àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ráyè wọlé tó, gbogbo wọn ló ń dá sí iye rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aró ilé kan kì í fi rí bákan náà pẹ̀lú ti ilé kejì, bí ewé wọn tilẹ̀ ti inú igbó kan náà wá.

Mo gbọ́dọ̀ tún ohun kan ṣe níhìn-ín, torí wọ́n ń fi tan àwọn oníbàárà jẹ, nígbà mìíràn láìmọ̀. Obìnrin kan bi ìyá aláṣọ kan lójú mi pé, "Màámi, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀lú ni?" Ìyá náà na etí aṣọ sóòrùn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó bó ṣe ń dán bíi bàbà. Aró òyìnbó kì í dán báyìí." Tọkàntọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Dídán bíi bàbà yẹn kì í ṣe indirubin. Indigo fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ki lójú aṣọ, pàápàá bí wọ́n bá ti lu aṣọ náà dáadáa. Aró òyìnbó tí wọ́n rì léraléra á dán bákan náà. Pupa tí indirubin ń fúnni kì í kọ mọ̀nà. Inú búlúù ló máa ń sá pamọ́ sí, á kàn mú un fà sí àlùkò díẹ̀. Ojú lásán kò tó láti fi dájọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ tú indigo palẹ̀ ni Adolf von Baeyer, ará Jámánì. Ó kọ́kọ́ rí i ṣe nínú yàrá ìwádìí, ó sì kéde bí a ṣe to mólékù náà ní ọdún 1883. Ní 1905, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ṣe é náni lówó ju ewé lọ, ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF tó lè gbé èyí tó pọ̀ jáde sọ́jà. Ọ̀dọ̀ aniline, tó ń wá láti ara epo rọ̀bì lónìí, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjà rẹ̀ tó tóbi jù lọ lágbàáyé sì ni ṣòkòtò jíìnsì. Láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1897, àwọn oko ẹ̀lú ilẹ̀ Íńdíà wó lulẹ̀.

Ohun kan wà tí Baeyer kò mọ̀, ọ̀rọ̀ áísómà náà sì ni. Àwòrán tó yà gbé ọ́síjìn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ní ọdún 1928, ìtànṣán X-ray fi hàn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà: ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀. Ètò yìí ló jẹ́ kí háídírójìn orí náítírójìn lè nawọ́ sí ọ́síjìn tó wà lódìkejì, òun náà ló sì wà lára ohun tó ń dáàbò bo aró lọ́wọ́ oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lù ú, háídírójìn á sún kẹ́rẹ́, á padà sáyè rẹ̀, agbára oòrùn á sì di ooru lásán kó tó rí mólékù náà yí po. Ẹ fi wé thioindigo, aró pupa kan tí wọ́n fi sọ́fúrù rọ́pò náítírójìn inú rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń yí òun síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, torí kò ní háídírójìn tí yóò so ó ró. Nítorí náà, ẹni tó bá ní aró ewé kì í ṣí, òótọ́ lápá kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kì í ṣe ti ewé nìkan. Aṣọ tó ń ṣí, iye ìgbà tí wọ́n rì í àti bí wọ́n ṣe ṣan án ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Indigo kì í yọ́ nínú omi, òun ló fi jẹ́ pé ìkòkò aró jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ. Kí ó tó lè wọ inú òwú, ó gbọ́dọ̀ di ohun mìíràn fúngbà díẹ̀: indigo tí wọ́n ti fi háídírójìn kún, tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ẹ́ dà bí ewé, tó sì ń yọ́ nínú omi eérú. Àwọn ìyá wa kò ní hydros, pàúdà kẹ́míkà tí àwọn aláró òde òní fi ń tú indigo. Kòkòrò àìfojúrí inú ìkòkò ló ń bá wọn ṣe é, fún ọjọ́ mélòó kan, títí aró á fi máa rùn. Omi eérú ni wọ́n ń sẹ́ sí i, wọ́n sì ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ bó ṣe le tó. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jẹ́ ilé kòkó, eérú èèpo kòkó kò ṣòro láti rí, pótáàṣì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òun kan náà là ń fi se ọṣẹ dúdú. Lóde òní, hydros àti kọ́sítíìkì sódà ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan yẹn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyíkéyìí tí wọn ì báà lò, bí aṣọ bá ṣe ń jáde nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ á lù ú, ìyeyè á di ewé, ewé á di búlúù. Mo ti rí i tó pọ̀, kò sì tíì sú mi.

Ìjà lórí èyí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàrin 1930 sí 1940 ní Abẹ́òkúta, Aláké ka aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà léèwọ̀ pé wọ́n ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́, àwọn obìnrin aláró sì dìde pé àwọn kò gbà, torí iṣẹ́ àwọn ni. Mo fara mọ́ àwọn obìnrin yẹn. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ìyá kan máa gún ewé láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà tí ohun tó wà nínú pàúdà kò yàtọ̀ sí èyí tó ń wá. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n ta ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ní ti yíyún ara, kì í ṣe indigo ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ́sítíìkì sódà tí wọn kò ṣàn kúrò lára aṣọ dáadáa ló ń jẹ awọ ara, bẹ́ẹ̀ sì ni omi eérú tó bá le jù lè ṣe. Aró òyìnbó tí wọn kò fọ̀ mọ́ ní ilé iṣẹ́ lè ní aniline díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀, aniline sì ní májèlé nínú. Kí á ṣan aṣọ nínú omi púpọ̀, kí á sì fi ọtí kíkan díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, ó tó.

Ṣé ọ̀nà kan wà láti mọ ewé yàtọ̀ sí pàúdà? Ó wà nínú yàrá ìwádìí. Wọ́n á fi èròjà tó lè tú aró yọ díẹ̀ lára òwú, wọ́n á kán an sórí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sílíkà tẹ́, èròjà olómi á máa gun àwo náà lọ, á sì máa ya àwọ̀ kúrò lára àwọ̀. Indigo á dúró níbì kan ní búlúù, indirubin á dúró níbòmíràn ní pupa. Áísómà ni wọ́n, ìwúwo wọn dọ́gba, síbẹ̀ wọn kì í rìn pọ̀, torí pé bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ sílíkà yàtọ̀. Aró òyìnbó tó mọ́ kì í sábàá ní indirubin tó ṣeé rí. Aró ewé sábà máa ń ní in. Irú ìdánwò yìí kò ju agbára yàrá kẹ́mísírì yunifásítì lọ, a sì ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè da indirubin sínú pàúdà láti fi tan ìdánwò jẹ. Ìdánwò tí kò ṣeé tàn jẹ ni ti kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń dín kù bí ọjọ́ ti ń pẹ́: ewé tó gbé afẹ́fẹ́ ọdún yìí mì ní in, epo rọ̀bì tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà láéláé kò ní in. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju owó ọ̀pọ̀ aṣọ lọ.

Èyí tó yẹ kó máa dun wá jù kò sí nínú ìjà ẹ̀lú àti aró òyìnbó rárá. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára ni, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, tí kò rí ìkòkò aró rí. Òun ni oníbàárà lè dá mọ̀ nílé. Ẹ kọ́kọ́ yí aṣọ náà padà: àdìrẹ gidi máa ń mu dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ kì í sábà mu dé ẹ̀yìn. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ gé òwú bíi mélòó kan ní ìṣẹ́tí, ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí hydros àti kọ́sítíìkì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nínú ife gíláàsì. Bí indigo bá ni, búlúù á lọ, òwú á di ìyeyè. Bí ẹ bá yọ ọ́ síta, á padà di búlúù lójú yín. Ọ̀pọ̀ aró azo, irú aró ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ, hydros á gé wọn sí méjì, wọn kò ní padà mọ́. Àwọn mìíràn kò ní yí rárá. Ìdánwò yìí kò ní sọ bóyá ewé ni tàbí pàúdà, ṣùgbọ́n á sọ bóyá indigo wà níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù torí kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí omi kán sínú ike hydros, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ kó ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń rẹ aṣọ fún títà náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má da omi ìkòkò sí gọ́tà bó ṣe wà. Gọ́tà ń lọ sódò, odò Àlà tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni wa. Hydros tó ṣẹ́kù ń gba ọ́síjìn inú omi lẹ́nu ẹja, kọ́sítíìkì sì ń pa á. Kí omi náà wà ní ìṣípayá títí hydros yóò fi tán lágbára, kí ẹ sì fi ohun kíkan pa agbára kọ́sítíìkì, kò náni lówó.

Ọ̀rọ̀ indirubin tún dé ibi tí ọ̀pọ̀ kò retí. Ní Ṣáínà, wọ́n ń lo àpòpọ̀ egbòogi kan fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, indirubin ni wọ́n bá nídìí agbára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ara rẹ̀ wá oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ máa mu omi aró. Ní ọdún 2016, ìjọba Japan kìlọ̀ fún àwọn tó ń mu pàúdà ẹ̀lú ilẹ̀ Ṣáínà fún àìsàn inú ìfun, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró ń mú díẹ̀ nínú wọn. Ewé kan náà tó ń bí aró ló wà nínú àwọn àgbo kan lọ́dọ̀ wa, kí àwọn tó ń tà á ṣọ́ra gidi.

Bí ẹ bá tún dúró níwájú ìsọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ìyá aláṣọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé ewé ni wọ́n fi ṣe aró yìí tàbí pàúdà? Ṣé ìkòkò eérú ló ti jáde tàbí hydros? Ìdáhùn mẹ́rin ló lè ti inú rẹ̀ jáde, torí àwọn kan ń fi pàúdà sínú ìkòkò eérú, àwọn kan sì ń fi hydros tú ewé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye wákàtí tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan kò dọ́gba, kò sì yẹ kí owó wọn dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ rí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni kí àwọn aláró fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sára páálí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ: ohun tí aró náà ti wá, àti ohun tí wọ́n fi tú u.